Kọ̀ǹpútà 2, ọmọ 48: báwo ni ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà ṣe máa yé SS1?

Tíṣà_SS1

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ 48 ló wà ní kíláàsì SS1 tí mò ń kọ́, kọ̀ǹpútà 2 ló ń ṣiṣẹ́, iná kì í sì í dúró. Ìtumọ̀ RAM àti ROM, oríṣi ìrántí méjì inú kọ̀ǹpútà, ti wà lórí wọn, wọ́n ń kà á geerege. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí ohun tí wọ́n tẹ̀ ṣe pòórá nígbà tí iná lọ, kò sí ẹni tó máa dárúkọ RAM.

Ohun tó ń rú wọn lójú jù nìyí: RAM àti ibi tí fáìlì ń gbé, bit àti byte, ìdí tí flash 32 GB fi ń fi 29 hàn, yíyí nọ́ńbà sí binary (òǹkà 0 àti 1), flowchart (àwòrán tó ń fi ìgbésẹ̀ iṣẹ́ hàn). Ohun tí mo lè ṣe nínú kíláàsì, tí kò ní gba owó púpọ̀, ni mò ń wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí.

Alátùn-únṣe_Kọ̀ǹpútà

Tíṣà, ẹ kú làálàá. Ẹ kọ́kọ́ bá wọn tún ọ̀rọ̀ "CPU" ṣe. Àpótí tó dúró lábẹ́ tábìlì ni gbogbo èèyàn ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń tún un ṣe pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n nínú ìdánwò, máàkì ló ń gbà lọ. System unit ni àpótí yẹn ń jẹ́. CPU jẹ́ ègé pẹlẹbẹ kan tí kò fẹ̀ ju bisikíìtì kékeré lọ. Orí mọ́dábọ́ọ̀dù ló wà, irin àti fáànù tó ń gba ooru lára rẹ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀. Òun ló ń ṣírò, òun ló ń mú àṣẹ ṣẹ.

Kí wọ́n lè fojú rí i, ẹ wá kọ̀ǹpútà tábìlì tó ti kú pátápátá lọ́dọ̀ àwọn alátùn-únṣe àdúgbò yín. Òkú rẹ̀ máa wúlò fún yín ju ààyè lọ, torí pé ọmọ 48 lè tú u palẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bẹ̀rù pé yóò bàjẹ́. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí ìwọ̀nba iná tó ṣẹ́kù lè jáde, kí ẹ tó tú ìdérí ẹ̀gbẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n tú ni àpótí irin tí wáyà iná ń wọ̀, tí fáànù wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kàpásítọ̀ inú rẹ̀ lè di iná mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà, ó sì lè gbé ọmọ ṣánlẹ̀.

Ẹ fi RAM hàn wọ́n: pátákó tín-ínrín tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13, tó dúró lóòró, tí ìkọ́ dì í mú lórí méjèèjì. Ti láptọ́ọ̀pù kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 7 lọ. Lẹ́yìn náà ẹ tú hard disk. Wọ́n á rí àwo tó ń dán bíi dígí, àti apá kékeré tó ń rìn lórí rẹ̀. Nígbà tó wà láàyè, àwo yẹn ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí jíjùú sílẹ̀ tàbí gbígbé e kiri nígbà tó ń ṣiṣẹ́ fi ń pa á. SSD, ibi ìpamọ́ fáìlì tí wọ́n ń lò dípò hard disk, kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú, òun ló fi ń yá, òun ló sì fi ń fara da mímì.

Àpèjúwe tó sún mọ́ wọn jù ni kíláàsì fúnra rẹ̀. RAM ni pátákó ìkọ̀wé: orí rẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń lọ, tí kíláàsì bá parí wọ́n á nù ún mọ́. Hard disk ni nóòtù tí ọmọ ń gbé lọ sílé. ROM ni ohun tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri: kí tíṣà tó dé ló ti wà níbẹ̀, ẹni kẹ́ni kì í fi dọ́sítà nù ún. Nínú kọ̀ǹpútà, àṣẹ àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ ń kà bí a bá ti tan án ló wà níbẹ̀, ìyẹn BIOS. Lóde òní wọ́n lè tún ọ̀dà náà kùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Tí iná bá lọ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ẹ̀rọ náà lè má tàn mọ́.

Ìdánrawò ìṣẹ́jú márùn-ún: ẹ ṣí Calculator lórí kọ̀ǹpútà tábìlì, kí ọmọ kan tẹ nọ́ńbà márùn-ún sí i. Kí ọmọ kejì tẹ nọ́ńbà kan náà sínú Notepad, kó tẹ Ctrl+S, kó fún fáìlì náà lórúkọ. Ẹ ti gbogbo nǹkan mìíràn, kí ẹ wá yọ wáyà iná lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ tún un tàn. Nọ́ńbà inú Calculator ti lọ, ti inú fáìlì ń bẹ níbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù kò ní ṣiṣẹ́ fún èyí torí bátìrì. Ẹ má sì lo Notepad fún apá tí a kò fi pamọ́ tó bá jẹ́ Windows 11, nítorí ó máa ń dá ohun tí a tẹ̀ padà fúnra rẹ̀, ẹ̀kọ́ yín á dojú rú níwájú àwọn ọmọ. Word náà ń ṣe ẹ̀dà tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn ṣì lè bá iná lọ.

Méjì nínú ohun tó sábà máa ń ṣe kọ̀ǹpútà ilé ìwé, kí ẹ má baà ná owó lásán:

Tó bá ń ké "pí, pí, pí" tí ojú rẹ̀ sì dúdú, ẹ fura sí RAM. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi kílínà, rọ́bà tí wọ́n fi ń pa lẹ́ẹ́dì rẹ́, fọ eyín rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, ẹ fẹ́ ìdọ̀tí inú ihò rẹ̀ dànù, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí ìkọ́ méjèèjì yóò fi dún "kọ̀". Eruku àti ọ̀rinrin ló ń fa èyí tó pọ̀ jù.

Tí déètì bá ń padà sí ọdún àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan án, bátìrì róbótó bíi kọ́ìnì tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù ló ti kú. CR2032 ni nọ́ńbà rẹ̀, fólítì 3. Àwọn èèyàn kì í so ó pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n òun ló máa ń fà á tí ojú ewé yóò fi kọ̀ láti ṣí, tí Chrome á máa kìlọ̀ pé ìsopọ̀ yìí kò láàbò. Ìwé ẹ̀rí ààbò ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Tí kọ̀ǹpútà bá rò pé ọdún 2009 la wà, gbogbo ìwé ẹ̀rí ló máa dà bí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé.

Tíṣà_Ìṣirò

Ọ̀gá ti sọ ti inú àpótí, ẹ jẹ́ kí n mú ti nọ́ńbà.

Tíṣà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ binary láti orí binary. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òǹkà Yorùbá. Ẹ kọ ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún sójú pátákó, kí ẹ bi wọ́n kí ni "ọgọ́" yẹn. Ogún ni: ogún méjì, ogún mẹ́ta, ogún mẹ́rin, ogún márùn-ún. Ẹ bi wọ́n ìdí tí 35 fi ń jẹ́ márùndínlógójì: 40 ni a dé, kí a tó yọ 5. Ọmọ tó bá ti rí i pé ogún-ogún ni àwọn baba wa ń kà ti mọ̀ pé kò sí òfin tó ní dandan ni kí a máa ka mẹ́wàá-mẹ́wàá. Láti ibẹ̀, méjì-méjì kò ní jẹ́ nǹkan àjèjì. Kọ̀ǹpútà ń ka méjì-méjì nítorí pé iná tó wà àti iná tí kò sí rọrùn láti dá mọ̀ yàtọ̀ ju ìwọ̀n iná mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ẹ kó ìdérí ìgò márùn-ún jọ fún àwùjọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìdérí tó bá ṣíjú sókè jẹ́ 1, èyí tó bá dojú bolẹ̀ jẹ́ 0. Lábẹ́ wọn, láti apá òsì, ẹ kọ 16, 8, 4, 2, 1. Ẹ ní kí wọ́n fi ṣe 26. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á fúnra wọn: 16 wọ inú 26, ó ku 10, 8 wọ̀ ọ́, ó ku 2, 4 kò wọ̀ ọ́, 2 wọ̀ ọ́, ó tán. Ìdérí ti di 11010. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́fà tàbí méje kí ẹ tó fi ọ̀nà pínpín hàn wọ́n.

Ọ̀nà pínpín tí ìdánwò ń fẹ́ rèé, fún 26 kan náà:

26 pín sí 2 jẹ́ 13, ó ṣẹ́ku 0
13 pín sí 2 jẹ́ 6, ó ṣẹ́ku 1
6 pín sí 2 jẹ́ 3, ó ṣẹ́ku 0
3 pín sí 2 jẹ́ 1, ó ṣẹ́ku 1
1 pín sí 2 jẹ́ 0, ó ṣẹ́ku 1

Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni a ń ka àṣẹ́kù: 11010. Ọmọ tó bá kà á láti òkè wá á kọ 01011, ìyẹn 11. Àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù lọ. Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n dúró nígbà tí wọ́n bá dé 1, kí wọ́n má pín in. Ó gbọ́dọ̀ di 0 kí iṣẹ́ tó parí.

Ẹ wá kíyè sí i: ẹ má fi 45 ṣe àpẹẹrẹ. 101101 ni 45, bí ẹ kà á láti òkè, bí ẹ kà á láti ìsàlẹ̀, ọ̀kan náà ni. Ọmọ tó ń ṣe é lódì máa gbà á, ẹ̀yin náà ò sì ní mọ̀ pé kò yé e. Bákan náà ni 9, 21 àti 27.

Tí wọ́n bá ti mọ ìdérí márùn-ún lò, ẹ fi kún un kó di mẹ́jọ. Ìdérí kan jẹ́ bit kan, mẹ́jọ papọ̀ jẹ́ byte kan. Ìdérí kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà 2, nítorí náà mẹ́jọ jẹ́ 2 lọ́nà 2 ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ: 256, láti 0 dé 255. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ pé nọ́ńbà yìí ti wà nílé tipẹ́. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí síta tàbí kó dojú bolẹ̀, ìdí nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256: 16 lọ́nà 16. Ìṣirò byte gan-an nìyẹn.

Ìyá_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin tíṣà. Ti ọ̀pẹ̀lẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn òbí kan wà, Mùsùlùmí àti Kristẹni, tí yóò wá bá ọ̀gá ilé ìwé tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ mẹ́nu ba Ifá ní kíláàsì kọ̀ǹpútà. Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?

Tíṣà_Ìṣirò

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́, mà. Ìdérí ìgò ni kí ó wà lórí tábìlì, òun ni gbogbo ọmọ á fọwọ́ kàn. Ti 256 odù, kí tíṣà sọ ọ́ bí ìtàn ìṣirò, ní gbólóhùn kan, bí a ṣe ń sọ pé àwọn ará Róòmù ń fi lẹ́tà kọ nọ́ńbà. Kò sí ìdí láti gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ wọ kíláàsì. Tí ìyẹn náà bá máa dá wàhálà sílẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ fò ó. Byte máa yé wọn láìsí i.

Onísọ́fítíwíà

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí flash. Ẹni tó ṣe é ka GB kan sí byte 1,000,000,000, ohun tó kọ sára páálí nìyẹn. Windows ń ka tirẹ̀ sí 1,024 lọ́nà 1,024 lọ́nà 1,024, ìyẹn 1,073,741,824, ó sì tún ń pè é ní GB. Kí àwọn ọmọ fi Calculator pín 32,000,000,000 sí 1,073,741,824. Wọ́n á rí 29.8. Flash 16 GB á fi 14.9 hàn, ti 64 GB á fi 59.6 hàn. Ẹni tó tà á kò rẹ́ ẹ jẹ, ìlànà ìkànkà méjì ló pàdé lójú kan. Nínú ìwé wa àti nínú ìdánwò, 1 KB jẹ́ byte 1,024, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìrẹ́jẹ gidi wà lọ́jà. Tí wọ́n bá ń ta flash "2 TB" fún yín ní owó tí kò tó nǹkan, ayédèrú ni. Wọ́n ti yí nǹkan inú rẹ̀ kó lè máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà nípa bó ṣe tóbi tó. Ẹ ó kó fáìlì sí i, orúkọ wọn á hàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọjá ààyè tó wà níbẹ̀ lóòótọ́, fáìlì tó kù kò ní ṣí mọ́. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ H2testw: ó máa kọ nǹkan kún flash náà títí dé ẹnu, ó máa kà á padà, ó sì máa sọ iye tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ kó ohun tó wà lórí flash kúrò kí ẹ tó lò ó.

Ohun mìíràn tí wọ́n á bá pàdé: fíìmù tó tóbi ju 4 GB lọ kọ̀ láti wọ flash, bẹ́ẹ̀ ààyè 20 GB ṣì wà níbẹ̀. FAT32 ni ìlànà tí wọ́n fi ṣètò flash náà, FAT32 kò sì lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB. Ẹ kó ohun inú rẹ̀ síbòmíràn, ẹ fi bọ́tìnnì apá ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ mú Format, ẹ mú exFAT. Àwọn tẹlifíṣọ̀n àti rédíò mọ́tò àtijọ́ kan kì í ka exFAT o. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ fẹ́ lò ó, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ti fáírọ́ọ̀sì shortcut ńkọ́? Sáìbà kàfé àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì ni flash ti sábà máa ń kó o. Fódà á di àmì shortcut pẹ̀lú ọfà kékeré, ọmọ á rò pé iṣẹ́ òun ti lọ. Kò lọ. Fáírọ́ọ̀sì náà kàn fi fódà gangan pamọ́, ó fi èké rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ èké náà lẹ́ẹ̀mejì ti pe fáírọ́ọ̀sì náà wọ kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fún flash náà, ẹ jẹ́ ká ní E ni. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter, kí ẹ wá kọ:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Àyè wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ má pa á pọ̀. -h ń yọ ìfarapamọ́, -s ń yọ àmì pé fáìlì ẹ̀rọ ni, -r ń yọ àmì "kíkà nìkan", /s àti /d ń mú un dé inú gbogbo fódà. Bí ó bá ti parí, fódà á jáde. Nígbà mìíràn inú fódà kan tí kò lórúkọ ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà. Ẹ pa àwọn shortcut rẹ́, pẹ̀lú fáìlì èyíkéyìí tó parí sí .vbs tí ẹ kò mọ̀, kí ẹ wá fi Windows Security yẹ flash àti kọ̀ǹpútà méjèèjì wò. Tí ẹ bá tún flash ṣe tí ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ọ̀la ló máa padà.

Akẹ́kọ̀ọ́_SS2

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, tí ilé iṣẹ́ fóònù bá ní íntánẹ́ẹ̀tì òun jẹ́ 8 Mbps, kí ló dé tí fáìlì 8 MB kì í fi í wọlé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan?

Onísọ́fítíwíà

Ìbéèrè rere lo béèrè yìí. Wo lẹ́tà b dáadáa. b kékeré jẹ́ bit, B ńlá jẹ́ byte. Bit mẹ́jọ ló wà nínú byte kan, nítorí náà 8 Mbps ń gbé MB 1 wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fáìlì 8 MB á gba ìṣẹ́jú-àáyá 8. Fáìlì 1 GB á gba bíi 1,000, ìyẹn ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá ṣe ségesège rárá. Dátà tí ò ń rà, byte ni wọ́n fi ń kà á; bó ṣe ń yá sí, bit ni. Kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ.

Akọ̀wé_Yorùbá

Ẹ jẹ́ kí n fi ti lẹ́tà kún un, torí pé bit àti byte kò ní wọ̀ wọ́n lára tó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń rí.

Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. A ńlá jẹ́ 65, ìyẹn 01000001. A kékeré jẹ́ 97. Ìdí nìyẹn tí páásíwọọ̀dù fi ń kọ̀ tí Caps Lock bá wà lórí: lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ ni wọ́n. ASCII, ìlànà àtijọ́ tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, kò ní ju àmì 128 lọ, kò sí ẹ, ọ, tàbí ṣ níbẹ̀. Unicode, ìlànà tuntun tó gba lẹ́tà gbogbo èdè, ló fún wọn láyè: ẹ jẹ́ 7865.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n dán an wò. Ẹ ṣí Notepad, ẹ tẹ a kan ṣoṣo, ẹ fi pamọ́, kí ẹ rí i pé UTF-8 ló wà ní ibi Encoding. Ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, ẹ mú Properties, ẹ wo Size, kì í ṣe Size on disk. Byte 1 ni. Ẹ ṣe òmíràn tó ní ọ nìkan: byte 3. Ẹ fi àmì ohùn sí i kó di ọ̀: byte 5, nítorí pé ọ̀ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ ni kọ̀ǹpútà kọ, àmì ohùn tẹ̀ lé e bí àmì mìíràn, ìyẹn sì jẹ́ byte 2. Tí ẹ bá rí 8, "UTF-8 with BOM" lẹ mú, ó ti fi 3 kún un níwájú. Tí ẹ bá mú ANSI, lẹ́tà náà máa bàjẹ́.

Ẹni tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ SMS ránṣẹ́ á mọ èyí lára. Ojú ewé SMS kan ń gba àmì 160 tó bá jẹ́ lẹ́tà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un. Bí ẹ kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ náà á yí sí ìlànà míràn, ojú ewé kan á sì di àmì 70. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kékeré kan ṣe ń gba owó ojú ewé mẹ́ta. Mi ò ní kí wọ́n má fi àmì sí Yorùbá o. Kí wọ́n mọ ìdí rẹ̀ ni.

Ìyá_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tíṣà, JAMB ń bọ̀ níwájú fún wọn. Ọmọ tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé, báwo ni yóò ṣe mọ ọ̀nà?

Tíṣà_Ìṣirò

Mà, láti 2015 ni UTME, ìdánwò JAMB yẹn, ti di ti orí kọ̀ǹpútà nìkan, ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti SS1 lóòótọ́. Ìbéèrè 180 ni: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40-40 fún ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù. Wákàtí 2 fún 180 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọmọ tó ń wá máòsì kiri ti ń pàdánù. Kò nílò máòsì. Bọ́tìnnì mẹ́jọ ni: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ sí èyí tó kàn, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi sílẹ̀ pé ó ti parí, R láti yí i padà bí ó bá ṣèèṣì tẹ S. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ S dáadáa, kí ọwọ́ wọn má ṣe lọ síbẹ̀ lójijì.

Fún ìdánrawò, wáyà OTG kékeré á so kíbọ́ọ̀dù USB mọ́ fóònù Android. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu fóònù náà kí ẹ tó rà á: róbótó-gígùn tó ṣe é fi sí lọ́tùn-ún lósì jẹ́ Type-C, èyí tó ní apá kan ṣoṣo tó ń wọ̀ jẹ́ micro USB. Bí kíbọ́ọ̀dù bá wọlé tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ẹ wo Settings bóyá OTG wà níbẹ̀ tí wọ́n pa á. Àwọn fóònù kan ń pa á fúnra wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀.

Onísọ́fítíwíà

Tíṣà, flowchart ló kù. Àmì mẹ́rin tó: ẹlẹ́yin fún ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, onígun mẹ́rin tó tẹ̀ fún gbígbà àti fífi hàn, onígun mẹ́rin tó gún fún iṣẹ́, dáyámọ́ńdì fún ìbéèrè. Ọ̀nà méjì gbọ́dọ̀ jáde lára dáyámọ́ńdì, kí wọ́n kọ Bẹ́ẹ̀ni àti Bẹ́ẹ̀kọ́ sí i. Èyí tí wọn kò bá kọ nǹkan sí lára, máàkì ti lọ.

Ẹ fi máàkì kíláàsì yín gan-an ṣe é: ka máàkì ọmọ 48, sọ ẹni tó yege bí 50 bá ni òdiwọ̀n. Ìbẹ̀rẹ̀, òǹkà jẹ́ 1, ka máàkì, ṣé máàkì tó 50? Bẹ́ẹ̀ni, kọ "Yege". Bẹ́ẹ̀kọ́, kọ "Kò yege". Fi 1 kún òǹkà. Ṣé òǹkà ju 48 lọ? Bẹ́ẹ̀kọ́, padà sí ka máàkì, Bẹ́ẹ̀ni, òpin.

Kí ẹ tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ pẹ̀lú máàkì mẹ́ta: 49, 50, 51. Ọmọ tó kọ "ṣé máàkì ju 50 lọ?" á rí i pé ẹni tó gba 50 gééré ti fìdí rẹmi. Ẹni tó gbàgbé láti fi 1 kún òǹkà á rí i pé òǹkà dúró sí 1, iṣẹ́ náà kò sì ní dé òpin títí ayé. Ẹni tó béèrè bóyá òǹkà ti di 48 dípò kó béèrè bóyá ó ti jù ú lọ á fi ọmọ kan sílẹ̀, 47 ló máa kà. Àwọn àṣìṣe mẹ́ta yìí náà ni àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ń ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i kedere.

Tíṣà_SS1

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù: a tẹ máàkì sínú Excel, a kọ =SUM(B2:B49), 0 ló ń fún wa. Àwọn máàkì náà sì wà níbẹ̀ tí a ń wò wọ́n.

Alátùn-únṣe_Kọ̀ǹpútà

Ẹ wo apá tí nọ́ńbà náà fara tì nínú àpótí rẹ̀. Nọ́ńbà gidi máa ń fara ti apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ máa ń fara ti apá òsì. Tó bá jẹ́ òsì ni tiyín wà, ọ̀rọ̀ ni Excel kà á sí, SUM sì ń fo ọ̀rọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti sọ òpó náà di Text kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tàbí wọ́n tẹ lẹ́tà O dípò òdo. Ẹ ṣètò òpó náà sí Number kí ẹ tún àwọn nọ́ńbà tẹ̀, tàbí kí ẹ mú gbogbo òpó náà, ẹ lọ sí Data, ẹ mú Text to Columns, kí ẹ tẹ Finish lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ lẹ́tà O ni ẹ máa fi ọwọ́ tún ṣe. Tó bá jẹ́ ##### lẹ rí ní àpapọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sí àṣìṣe níbẹ̀, òpó ló há; ẹ tẹ ìlà tó wà láàárín lẹ́tà òpó méjèèjì lókè lẹ́ẹ̀mejì, á fẹ̀ fúnra rẹ̀.